Ọkùnrin Tó Ní Bítà Bàbá Noreen Ti Kan

Ìjà ló gbé Noreen Haigh dé ibi tó ti pàdé ọkọ. Kò kun ètè, kò ya irun, ẹ̀wù òjò bàbá rẹ̀ ló gbé kọ́rùn. Ó ká ìwé ìròyìn kékeré kan mọ́wọ́ bí ẹni ká pàṣán, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Holmroyd lórí òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Huddersfield nínú òjò oṣù kẹta ọdún 1974. Etí ìwé náà ti jóná, nítorí pé inú iná ló ti yọ ọ́. Wilfred, bàbá rẹ̀, ló kà á tán lórí káńtà láàárọ̀, tó jù ú sínú ààrò.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ R. Crabtree ló kọ ọ́ pé: "Fìtílà Ahunṣọ, Holmroyd. Iná wọn gbóná, tábìlì wọn mọ́. Bítà wọn ti kan. Ẹ máa bá tiyín lọ."

Fìtílà Ahunṣọ ni orúkọ ilé-ọtí Wilfred Haigh. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ta bítà níbẹ̀, bíà kíkorò aláwọ̀ bàbà, tó ń dàgbà fúnra rẹ̀ nínú àgbá ní àjà ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà sókè sínú ife. Ìgbà kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé mẹ́ta wá mu ún. Kí ẹnì kan wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré nà án ní gbangba!

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́ bítà ilé-ọtí kiri wò, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn náà, máa ń pàdé ní Ọjọ́bọ̀ nílé-ọtí kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Noreen ti ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n mẹ́fà gbójú sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Crabtree níbí?"

Wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní kọ̀rọ̀, tó wọ awò ojú, tó gbé ife sókè sí iná, tó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

"Èmi ni," ló ní, láìgbé ife sílẹ̀.

"Ọmọ Wilfred Haigh ni mí. Ìwọ lo ní bítà wa ti kan."

"Ó kan ni mo fi ní ó kan."

"Ahọ́n ẹ ló kan! Bàbá mi ti ń tọ́jú àgbá kí wọ́n tó já ẹ lẹ́nu ọmú."

Àwọn onírùngbọ̀n bú sẹ́rìn-ín. "Raymond, o rí tìẹ lónìí!" ni ọ̀kan ké.

Raymond Crabtree kò rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lo tọ́ bítà bàbá ẹ wò gbẹ̀yìn?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń fà á fún èèyàn."

"Mi ò ní fífà. Títọ́wò ni mo ní."

Noreen ò lè rántí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì fi iṣẹ́ títẹ̀wé sílẹ̀ ní Leeds láti wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, tíì nìkan ló ń mu. Ta ló ń mu ohun tó fi gbogbo ọjọ́ nù kúrò lórí tábìlì?

Ọkùnrin náà ti ife tirẹ̀ sún mọ́ ọn. "Àwọn apọntí yín náà ló pọn èyí. Ọkọ̀ kan náà ló gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mu ún."

Noreen mu ún kó lè bú u dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ kàn án lẹ́nu dà bí èèpo búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dà bí èèpo ọsàn. Nígbà tó gbé e mì tán ni ìkorò wá yọ láti ẹ̀yìn ahọ́n, tó gbẹ ẹ́ lẹ́nu, tó ní kó tún bù sí i. Bí ilé wọn ṣe ń dùn nígbà tí ìyá rẹ̀ wà nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

"Kò dáa ju tiwa lọ," ló ní.

"Irọ́ ò yẹ ẹ́," ni Raymond fèsì. "Ojú ẹ ti jẹ́rìí."

Noreen da ìyókù ife náà sí i lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé bàtà, ó sì jáde sínú òjò.

Àmọ́ nígbà tó délé, tí bàbá rẹ̀ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fa ìdajì ife níbi káńtà, ó tọ́ ọ wò. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ife ló tu ú sí. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó di etí káńtà mú, ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ bọ́ọ̀sì.

"Mi ò wá tọrọ àforíjì," ló sọ fún Raymond. "Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n ni."

"Èmi náà ò retí àforíjì. Jókòó. Ṣòkòtò mi ṣì ń rùn."

Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Noreen máa ń ráàyè, nígbà náà ni wọ́n máa ń lọ láti ilé-ọtí kan sí òmíràn ní gbogbo àfonífojì náà, ìdajì ife níbí, ìdajì ife lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ Raymond ni kó máa yẹ omi ìlú wò kí wọ́n tó tú u sí ẹ̀rọ fún aráyé, imú rẹ̀ ló sì fi ń jẹun. Ó kọ́ Noreen pé bí bítà bá ní òórùn páálí tó tutù, ó ti pẹ́ jù. Bó bá ní ti ápù tí kò tíì pọ́n, wọ́n ti kánjú ṣí i. Bó bá kan, afẹ́fẹ́ ti pẹ́ nínú àgbá, tàbí ọ̀pá tó ń gbé e sókè ti dọ̀tí.

Wọn kò sọ̀rọ̀ dídùn síra wọn. Bí Noreen bá ní ọtí kan dára, Raymond á ní ahọ́n rẹ̀ ṣì ń sùn. Bí Raymond bá pẹ́ jù lórí ife, Noreen á ní kó ṣe kíá, pé kì í ṣe òkú ló ń wẹ̀. Àwọn onílé-ọtí rò pé tọkọtaya tó ti fẹ́ra fún ogún ọdún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí Ọjọ́rú bá ku ọ̀la, Noreen kì í lè jẹun dáadáa. Ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè nínú bọ́ọ̀sì pé, ṣé èmi ni ọkùnrin yìí ń wò ni, àbí ife tó wà lọ́wọ́ mi?

Ní ìparí oṣù kẹfà, nínú ilé-ọtí kan tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́bàá odò àwọn ọkọ̀ ẹrù, Raymond yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Noreen, jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

"Bítà yẹn ló ń pa ẹ́ ni?"

"Ìdajì ife ni mo mu."

"Bàbá mi á fi òòlù tó fi ń ṣí àgbá lù ẹ́ lórí."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá rí lára mi?"

Ó rò ó bó ṣe máa ń ro bítà. "Àwọn tó ń bú mi pọ̀. Ìwọ nìkan lo máa ń bú mi tó o sì máa ń tọ̀nà."

Noreen ní kó fún òun láyè. Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè lọ, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, nítorí pé ẹ̀rín ń bọ̀, kò sì fẹ́ kí awakọ̀ rí i.

Ìdáhùn tó fẹ́ fún un wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ohun tó dí i lọ́nà ni ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kó sinmi: báwo ni ọkùnrin tó ti tọ́jú bítà fún ọdún méjìlélógún ṣe ń ta èyí tó kan, tí kò sì mọ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá rẹ̀. Ó rí i pé iyọ̀ tó ń bù sí ọbẹ̀ ti di bí omi òkun. Ó rí i pé wàrà jóná lórí ààrò níwájú rẹ̀, tí ó ń ka ìwé ìròyìn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ó mú ìgò ọtí kíkan tí wọ́n fi ń jẹ ẹja nínú ilé ìdáná, ó bu ṣíbí mẹ́ta sínú ìdajì ife bítà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ ní àjà ilẹ̀. Ó kórìíra ohun tó fẹ́ ṣe.

"Bàbá, ẹ bá mi tọ́ èyí wò. Mo rò pé àgbá tuntun yẹn ti tó ó tà."

Wilfred gbé e sí iná. Ó mọ́ gaara. Ó gbé e símú bó ṣe máa ń ṣe. Ó mu ún, ó nu irunmú rẹ̀.

"Ó dáa gan-an. Máa tà á."

"Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀?"

"Kí ló máa wà lára ẹ̀? Bítà ni. Bítà gidi."

Noreen gun àtẹ̀gùn òkúta náà bí arúgbó. Ó rántí òtútù tó dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà òtútù tí ìyá kú, tí gbogbo wọn rò pé ọ̀fọ̀ ni. Imú ọkùnrin náà ti kú láti ìgbà yẹn. Bàbá náà mọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú nìkan ló fi ń tọ́ bítà wò fún ọdún mẹ́ta. Àwọn apọntí ló sì ni ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ti ń wá ẹ̀rí tí wọ́n máa fi kó àgbá kúrò níbẹ̀, kí wọ́n gbé bíà inú irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wá, èyí tí ọmọ ọ̀sẹ̀ kan lè máa tà. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, Wilfred Haigh ti di ẹni tí wọ́n lé jáde.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Raymond ní ẹgbẹ́ òun ń ṣe ìwé tuntun, òun á sì gòkè wá sí Holmroyd lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù kẹsàn-án.

"Má lọ," ni Noreen wí.

"Kí ló dé?"

"Torí mo ní kó o má lọ."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdí."

"Bó o bá fẹ́ràn mi, ìdí ni."

Raymond gbé ife sílẹ̀. "Bí mo bá bo òótọ́ mọ́lẹ̀ nítorí ẹ lónìí, bí mo bá ní mo fẹ́ràn ẹ lọ́la, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?"

Èsì wà, àmọ́ àṣírí bàbá rẹ̀ ni èsì náà. Bí Noreen kò ṣe lè sọ ọ́ ló sọ èyí tó burú. "Òkúta ni ẹ́. Òkúta tó wọ awò ojú."

"Ó sàn ju òpùrọ́ tó lé tìróò lọ."

Ó gbá a létí. Awò ojú rẹ̀ fò lọ sábẹ́ tábìlì. Ẹnì kan tó fẹ́ fi dómínò lélẹ̀ gbé e dúró lọ́wọ́. Noreen mú báàgì rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ìwé ìròyìn tún jáde: "Fìtílà Ahunṣọ, Holmroyd. Ó ṣì kan."

Àwọn oníbàárà wá ku àwọn arúgbó mẹ́rin tó ń ta dómínò, àwọn yẹn náà torí iná ààrò ni. Ìwé dé látọ̀dọ̀ àwọn apọntí pé ẹni tó máa yẹ ilé wò ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Noreen kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú bàbá rẹ̀. Ó ń fọ gbogbo ọ̀pá, ó ń tọ́ àgbá kọ̀ọ̀kan wò, ó ń da èyí tó bàjẹ́ nù, ó sì ń dé ihò afẹ́fẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀, ọkùnrin tó gbá létí ló kọ́ ọ. Bó bá ti ń tọ́ ọ wò báyìí, á máa gbọ́ ohùn rẹ̀: fara balẹ̀, ahọ́n ẹ ṣì ń sùn. Á bú ohùn náà, á sì fara balẹ̀.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, Seth, gbé ife kúrò lẹ́nu, ó sì wò ó. "Wilfred, kí lo ṣe sí bítà yìí?"

"Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún méjìlélógún," ni Wilfred dáhùn, ó yọ àyà síta. Noreen ń fọ ife lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Wilfred sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀ nígbà tí kò yẹ, ó sì bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń da odindi àgbá sínú gọ́tà.

"Ta ló ní kó o da ọtí mi nù?"

"Ó ti kan, Bàbá."

"Mo tọ́ ọ wò lánàá! O ya wèrè ni?"

"Bàbá, ẹ ò tíì tọ́ nǹkan kan wò látọdún tí Màmá kú."

Ọtí ń ṣàn lọ nínú gọ́tà.

"Mo bu ọtí kíkan sínú ife fún yín ní oṣù keje," ni Noreen wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ ní ó dáa gan-an."

Ọkùnrin náà jókòó lórí àgbá òfìfo. Noreen rò pé yóò sunkún. Ì bá sàn.

"O dán mi wò," ló ní. "Bí wọ́n ṣe ń dán ajá wò. Crabtree yẹn ló rán ẹ."

"Kò mọ̀. Mi ò sọ fún un. Torí mi ò lè sọ fún un la ṣe tú ká."

"Kúrò níwájú mi."

Láti ọjọ́ náà, Wilfred kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ nǹkan, á sọ fún Seth pé, "Sọ fún obìnrin yẹn pé iná ti ń kú." Seth á sì yíjú sí Noreen tó wà ní ìgbésẹ̀ kan sí wọn, á ní, "Ó ní iná ti ń kú." Àmọ́ Wilfred kò sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó. Noreen mú un. Ẹni tó wá yẹ ilé wò lẹ́yìn ọdún tuntun mu ife méjì, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ. Àgbá wọn dúró. Baba àti ọmọ jókòó sí ìpẹ̀kun káńtà méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kí ẹnì kejì kú oríire.

Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kọ́kọ́ tán ni Àǹtí Edna, ẹ̀gbọ́n Wilfred, tó ní ṣọ́ọ̀bù páì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní ìlú. Ó wo ojú Noreen tó ti rù, ó fipá gba gbogbo ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì lọ sí ọ́fíìsì omi.

"Ìwọ ni Crabtree? O tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń bú ẹ lọ."

Raymond dìde. "Ẹ káàsán, mà."

"Má kí mi. Àbúrò mi ò gbóòórùn. Látọdún mẹ́rin. Òun ni ọmọ yẹn ń bò láṣìírí nígbà tí ìwọ ń kọ ìwé kiri bí adájọ́."

Raymond jókòó padà. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ká ní ó sọ fún ẹ, ṣé o ò ní kọ ọ́?"

Ọkùnrin mìíràn ì bá dáhùn kíá. Raymond rò ó. "Mi ò mọ̀, mà."

"Ìdí tí kò fi sọ nìyẹn." Àǹtí Edna gbé páì kan lé tábìlì rẹ̀. "Jẹ ẹ́, ojú ẹ ti funfun. Sọ́ńdè yìí, wàá bá mi gòkè."

Sọ́ńdè ọ̀hún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé-ọtí lọ́sàn-án, wọ́n wọlé. Wilfred wà lẹ́yìn káńtà, Noreen ń to àga. Raymond kò tíì jókòó tó fi ní òun fẹ́ ife kan. Noreen fà á fún un láìwojú rẹ̀. Ó mu ún tán pátápátá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kó ṣe rí.

"Ó dáa," ló ní. "Ó dáa gan-an."

"Ta ló bi ẹ́?" ni Noreen dá a lóhùn.

"Kí lo wá ṣe nílé mi?" ni Wilfred bèèrè.

"Mo wá tọrọ Noreen lọ́wọ́ yín, sà."

Wilfred fi aṣọ nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan. "O kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé bítà mi ti kan. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé irọ́ lo pa, kó o sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, máa mú un lọ."

"Mo lè kọ ọ́ pé ó ti dáa báyìí. Tayọ̀tayọ̀ ni màá fi kọ ọ́. Mi ò lè kọ ọ́ pé kò kan nígbà yẹn."

"Raymond!" ni Àǹtí Edna pariwo. "Ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́!"

"Jáde," ni Wilfred wí.

Noreen gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọkùnrin méjèèjì. Ọ̀kan kò lè pa irọ́ kékeré kan kó tó lè fẹ́ ìyàwó. Ìkejì ti fi ọdún mẹ́rin parọ́ fún gbogbo ayé, àti fún òun. Ó ti pẹ́ tó ti ń kórìíra òkúta tó wà nínú Raymond, àmọ́ ó wá yé e lọ́sàn-án yẹn pé ibi tí èèyàn bá fẹ́ kọ́lé sí, òkúta ló yẹ kó wà níbẹ̀.

"Èmi kì í ṣe àgbá tí ẹ fẹ́ fi gba ìwé," ló sọ fún bàbá rẹ̀. "Màá fẹ́ ẹ. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, ní kóòtù Huddersfield."

"Edna," ni Wilfred wí, "sọ fún un pé mi ò ní wá."

"Mo mọ̀," ni Noreen fèsì. Ó yíjú sí Raymond. "Ìwọ náà, má fi eyín yẹn hàn mí. Mi ò tíì dárí jì ẹ́."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ṣègbéyàwó láàárọ̀ tí yìnyín ń bọ́, nínú yàrá tó ń rùn bí yíǹkì. Àǹtí Edna fọwọ́ síwèé, ọ̀kan nínú àwọn onírùngbọ̀n náà fọwọ́ sí i. Àga kan ṣófo níwájú. Noreen kò wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní kò sí ẹni tó máa wo àgbá òun, kí wọ́n jẹ́ káwọn gòkè. Gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe àgbá ló ń lọ wò.

Ó ti kọjá aago mẹ́ta, wọ́n ti ti ilé-ọtí, kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Wilfred ló wá ṣílẹ̀kùn. Kóòtù dúdú ló wọ̀, ó so táì, ó fi òróró ya irun rẹ̀.

"Edna, sọ fún wọn pé kò ní ìtumọ̀ kankan," ló ní. "Aṣọ yìí nìkan ló mọ́ nílé."

Ó lọ sẹ́yìn káńtà, ó fa ife kan, ó tì í síwájú Raymond tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà sílẹ̀.

"Mu ún."

Raymond mu díẹ̀. Àǹtí Edna gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọkùnrin yìí purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Wilfred bèèrè.

Raymond wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ife. "Ó ku ọjọ́ kan. Wọ́n ti kánjú ṣí i."

"Lónìí?" ni Noreen ké. "Lónìí, Raymond? Torí ìgbéyàwó ẹ náà ni mo ṣe tètè ṣí i!"

"Wọ́n bi mí ni."

"Màá tún gbá ẹ létí!"

Wilfred gbọ́wọ́ sókè. Ó yí káńtà ká wá, ó fa àga, ó jókòó kọjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀ tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"O ní wọ́n kánjú. Báwo?"

"Sà?"

"Etí ẹ di ni? Mo ní kí ló wà lẹ́nu ẹ. Èmi ò mọ̀." Ó mí, ó wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Ọdún mẹ́rin. Èmi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àǹtí Edna gbé ọwọ́ lé àyà. Raymond kò sọ pé ó ṣe òun láàánú, kò ní kó pẹ̀lẹ́. Ó gbé ife, ó mu, ó gbé e kárí ẹnu kó tó gbé e mì.

"Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀," ló ní. "Èèpo rẹ̀, níbi tó ti fẹ́ jó. Lẹ́yìn ẹ̀, èèpo ọsàn, kò pọ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bó ọ níyàrá kejì. Ápù tí kò tíì pọ́n díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Òun ni mo ní wọ́n kánjú, ó máa lọ tó bá di ọ̀la. Ìkorò wá ń bọ̀..."

Wilfred ti pajú dé. Ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ nǹkan lójú oorun.

"O ń yára jù," ló ní. "Irú ìkánjú wo rèé? Tún un mú látìbẹ̀rẹ̀. Má gbàgbé ìkankan."

Raymond tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ibi ìkorò, ife ti gbẹ. Wilfred la ojú, ó rí ìdí ife, ó sì gbé e sókè sí ẹ̀yìn láìyíjú, sí ibi tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ dúró sí.

"Noreen," ló pè é, ìgbà àkọ́kọ́ látoṣù kọkànlá, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà gbogbo. "Kí lò ń wò? Fa òmíràn fún un, kò tíì sọ tán."